Ìwé Tí Mo Fi Àkàrà Rà

Epo ṣì ń rùn nínú báàgì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, inú mi náà sì ń kùn. Àkàrà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n láàárín ọjọ́ mẹ́ta! Àgbàlagbà kankan ò kú nílé wa o. Ìwé ni mo ń rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ ohun tó gbé mi dé ìdí èdè Japan, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ. Mo ti kọ́ hiragana 46, mo ti kọ́ katakana 46, ìyẹn oríṣi lẹ́tà méjì tí wọ́n fi ń kọ ìró èdè náà, mo wá ń rìn bí ẹni tó ti dé Tokyo. Ìgbà tí mo kan kanji, àwọn àmì tí kálukú ní ìtumọ̀ tiẹ̀, ni mo mọ̀ pé mi ò tíì kúrò ní gáréèjì Ìwó Road. Ìwé tí wọ́n ń yìn fún un ti pẹ́, wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Kanji 1945 tí ìjọba Japan là sílẹ̀ lọ́dún 1981 ló wà nínú ẹ̀, kí wọ́n tó sọ iye náà di 2136 lọ́dún 2010. Iye tí wọ́n ń pè é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ilé ni. Mo ní, kí ni Dùgbẹ̀ ò ní?

Mo bá bàbá kan tó ń ta ìwé àlòkù. "Ẹ kú ọjà o, Bàbá. Ìwé Japan kan ni mò ń wá, èyí tó ní 1945."

Bàbá bọ́ awò ojú wọn. "1945? Ogun Hitler! Bàbá tó bí mi lọ́mọ lọ jà á ní Bọ́má. Àwọn Japan yẹn gan-an ni wọ́n kọjú sí."

Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ja ogun yẹn fún mi. Wọ́n sá pamọ́ sínú igbó, wọ́n yìnbọn, wọ́n la odò kọjá. Ogun ò tíì parí tí mo fi na fóònù sí wọn kí wọ́n wo bí lẹ́tà náà ṣe rí.

"Áà! Èyí tó dà bí ilé aláǹtakùn? Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó tì mí. Mo ti kó o mọ́ èyí tí alákàrà kan ní Mọ́kọ́lá wá rà ní Mọ́ńdè."

Àyà mi já. Mo kó sínú Máíkírà.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rí ní Mọ́kọ́lá ni bàbá dẹrẹba kan, pélé mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́, tó ń jẹ àkàrà nínú ojú ewé kìíní ìwé mi. Mo dúró síwájú wọn. Mo tẹjú mọ́ bébà náà. Mo rí ìlà mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ lórí ara wọn, 三, wọ́n kọ "san" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bàbá jẹ kan, mo gbé itọ́ mì. Kì í ṣe àkàrà ni mo ń wò, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbà mí gbọ́? Bàbá wò mí tàánú-tàánú, wọ́n bu ìlàjì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbà. Ilẹ̀ yìí le fún gbogbo wa." Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́. Mo dúpẹ́. Wọ́n fi ojú ewé kìíní nu ọwọ́, wọ́n rún un, wọ́n jù ú sí gọ́tà.

Ìyá Alákàrà fúnra wọn gbé ìyókù lé itan, wọ́n ń ya á bí ẹni ń já ẹ̀fọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní àkàrà làwọn ń tà, àwọn ò tàwé, pé bébà yìí gan-an ló ń mu epo dáadáa. Mo ní ó dáa, kí wọ́n fún mi lákàrà. Mẹ́ta fún ojú ewé kan.

Ẹ wá wo epo yẹn. Ó jẹ́ kí bébà mọ́ gaara, tí iwájú àtẹ̀yìn fi ń hàn pọ̀. Igi, 木, wà níwájú. Ẹnu, 口, wà lẹ́yìn. Èmi ò mọ̀ pé méjì ni. Mo rí igi nínú ẹnu, mo bá fúnra mi túmọ̀ ẹ̀: pákò ni! Alẹ́ méjì ni mo fi ń kọ pákò kún ìwé àkọsílẹ̀, mo tún ń yin àwọn ará Japan pé wọ́n mọ ìmọ́tótó.

Ọjọ́ kẹta, Ìyá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò jẹ́ lọ kó ìwé ìròyìn wá ká ṣe pàṣípààrọ̀." Èmi tí mo ní dígírì! Mo ti jẹ mẹ́rìnlélógún kí alákàrà tó bá mi ronú.

Mo kó ìwé ìròyìn dé, mo gba ìwé mi, mo ṣí i níbẹ̀. Pákò mi rèé, 困. Wàhálà ni ìtumọ̀ ẹ̀. Odò rèé, 川, pélé bàbá dẹrẹba gẹ́lẹ́. 議 tó ní ìlà ogún, tó wà nínú orúkọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, wà níbẹ̀ digbí. Ení, èjì, ẹ̀ta ni ò sí. Mo lè bá wọn ṣòfin ní Japan, mi ò lè ka owó.

Mo gbójú sókè láti ké, mo bá rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá. Àbàjà. Ìlà mẹ́ta, ó dùbúlẹ̀ lórí ara wọn. Látọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wò wọ́n lójú!

Mo na ìka sí wọn, mo pariwo: "San!"

"Kí n san kí ni?" Wọ́n gbé síbí ìdáàkàrà dání. "Èmi tàbí ìwọ tó jẹ mí lówó mẹ́ta àná?"

Mo san. Wọ́n din mẹ́ta sí i fún mi, wọ́n sì fi ìwé ìròyìn tí mo kó wá dì í.