Ìsọ̀ eléwé ọmọ màmá mi ti bọ́ sí mi lọ́wọ́

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ò ti jẹ́ kí màmá mi lè jókòó sọ́jà mọ́, èmi ni mo gba ìsọ̀ eléwé ọmọ wọn ní Sábó, Ìkòròdú níbí. Ewúro, efinrin, dóńgóyárò, ìyẹn ò le, ẹni tó bá lójú á mọ̀ wọ́n. Igi asofẹ́yẹjẹ gan-an lọ̀gá o! Egbò ẹ̀ ni wọ́n ń lò fẹ́ni tórí ẹ̀ dàrú àtẹni tí ò rí oorun sùn, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní reserpine sì wà nínú ẹ̀ tó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, àwọn dókítà òyìnbó náà lò ó dáadáa láàárín ọdún 1950 sí 1960. Torí náà tí kọ́sítọ́mà bá ti ń lo oògùn BP ọsibítù tẹ́lẹ̀, mi ò ní tà á fún un, ó lè bínú lọ, torí tí méjèèjì bá pàdé, BP ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kó sì dákú. Màmá mi ní mò ń lé owó dànù (wọ́n fẹ́ràn owó díẹ̀ ṣá, ẹ má sọ fún wọn). Ibi témi àti wọn ti yàtọ̀ ni pé wọn kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn egbò. Èmi ti ra síkéèlì.