Mo lọ kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ àjogúnbá l'Óṣogbo, ẹṣin Sábó ló bá mi kọ́ ọ

Iṣẹ́ tí mo ti ṣe rí máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe lókè òkun kí n tó padà wálé, tí mo ní irun ẹṣin ni mò ń yẹ̀ wò, wọ́n á ní, "Irun kí ni?" Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni. Ní Lexington, Kentucky, níbi tí ẹṣin ti pọ̀ bí ewúrẹ́ àdúgbò wa, irun gọ̀gọ̀ ẹṣin la fi ń rí DNA rẹ̀, ìyẹn ohun inú ara tó ń gbé ìrísí òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Fífà tu ni, a kì í fi àlùmọ́gàjí gé e, torí ìdí irun gan-an ni ohun tí à ń wá wà. Ní báyìí, bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì n'Íbàdàn. Àwọn kan ń káàánú mi. Kò kàn wọ́n.

Ìyá Tóbi, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ ìjọba kan l'Óṣogbo, ló ní kí n wá bá àwọn ọmọ SS2 òun sọ̀rọ̀ nípa àjogúnbá, bí ìrísí òbí ṣe ń dé ara ọmọ. Mo wọkọ̀ ní Ìwó Road. Ní Àṣèjíire, mo na ojú sí odò tí wọ́n sé: Ọ̀ṣun kan náà tí wọ́n ń bọ l'Óṣogbo ni Ìbàdàn ń mu láti ibẹ̀. Ní Ìkirè, mo ra dòdò wọn, èyí tó dúdú tí ata ń ta lẹ́nu, mo sì ti jẹ ẹ́ tán ká tó dé Gbọ̀ngán.

Òṣogbo Òròkí, ìlú aró. Oòrùn ti mú nígbà tí mo débẹ̀, kíláàsì sì kún dẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàsán mà!" Àwọn ọmọ náà mọ Mendel, ẹni tó fi ẹ̀wà ṣèwádìí àjogúnbá, bí ẹni mọ orúkọ bàbá wọn: ẹ̀wà tó ga, ẹ̀wà tó kúrú, mẹ́ta tó ga sí ọ̀kan tó kúrú. Mo ní kí ẹni tó bá ti fojú rí ẹ̀wà ọ̀hún nínú oko na ọwọ́. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ta ló ti rí ẹṣin? Gbogbo wọn nawọ́. Ohun tó ń bí mi nínú nípa bí a ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn: ohun tí ọmọ ò rí rí la máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, a ó wá ní orí rẹ̀ kò pé.

Mo pa ẹ̀wà tì, mo ya ẹṣin. Jíìnì kan, ìyẹn apá kan lára DNA tó ń pinnu ìrísí, wà tí wọ́n ń pè ní MC1R. Oríṣi rẹ̀ méjì la fi lẹ́tà E kọ. E ńlá ló ń jẹ́ kí ara ẹṣin lè ṣe àwọ̀ dúdú. E kékeré kò lè ṣe é. Ẹṣin tó bá gba e lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba e lọ́dọ̀ ìyá, pupa ni. Nítorí náà, bí akọ pupa bá gun abo pupa, wọn ò ní bí dúdú láéláé. Ṣùgbọ́n dúdú méjì tí àwọn méjèèjì ní e nínú lè bí pupa, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn dìde: "Mà, ṣé bí AS àti AS ṣe ń bí SS náà nìyẹn?" Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni! Látìgbà náà, kíláàsì di tiwọn.

Ọmọbìnrin kan tún bi mí ìdí tí ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kì í fi í bímọ. Krómósómù, ìyẹn okùn tí jíìnì tò sí, ti ẹṣin jẹ́ 64, ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹ́ 62. Ìbaaka gba 32 níhìn-ín, ó gba 31 lọ́hùn-ún, ó di 63. Nígbà tó bá yẹ kí wọ́n so pọ̀ ní méjì-méjì láti ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin, wọn ò bára mu.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Tóbi mú mi lọ sí Sábó, sọ́dọ̀ Mọ́là kan tó ń fi ẹṣin ṣiṣẹ́ níbi ìgbéyàwó àti ìwúyè. Funfun kan wà níbẹ̀ tó wù mí. Awọ imú rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ náà dúdú. Mọ́là ní nígbà tóun rà á, ara rẹ̀ ṣì rí bí eérú. Ọdọọdún ló ń funfun sí i. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kì í funfun bọ̀ láti inú ìyá rẹ̀. Ní 2008, àwọn onímọ̀ tó wà ní Sweden fi hàn pé apá kan DNA tó gùn tó lẹ́tà 4,600, nínú jíìnì STX17, ló ṣe ara rẹ̀ ní ìlọ́po méjì lára wọn. Òun ló ń mú irun wọn funfun, òun náà ló sì ń mú kí kókó jẹjẹrẹ awọ máa yọ sí wọn lára bí wọ́n bá ń dàgbà. Mo ní kó bá mi gbé ìrù rẹ̀ sókè. Kókó dúdú kéékèèké tò sábẹ́ ibẹ̀, wọ́n le bí mo ṣe fọwọ́ kàn wọ́n.

"Hájíà, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Kò dà á láàmú."

Mo ní kó jẹ́ kí dókítà ẹranko máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbà, ó wá bi mí léyìí tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé DNA lè sọ ẹṣin tó máa sáré jù? Mo sọ fún un pé ní 2010 àwọn ará Ireland rí i pé jíìnì myostatin, tó ń díwọ̀n bí iṣan ṣe ń tóbi tó, lè fi ẹṣin tó yẹ fún eré kúkúrú hàn yàtọ̀ sí ti eré jíjìn. Ó wò mí títí, ó ní, "Eèrí tó ń jẹ ló ń sáré, Hájíà. Bí kò bá yó, kò sáré." N kò lè bá a jiyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yà sí igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO fi sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 2005. Àwọn ère Àdùnní Olórìṣà (òyìnbó oníṣẹ́ ọnà nì, Susanne Wenger), ọ̀bọ, omi: ẹ ti rí fọ́tò rẹ̀ púpọ̀, n kò ní tún un sọ. Òjìji ẹ̀bá odò yẹn ló wà lọ́kàn tèmi. Irú ibẹ̀ ni eṣinṣin tsetse kan fẹ́ràn, òun ló sì ń gbé kòkòrò Trypanosoma, tó ń fa àìsàn, wọ ẹ̀jẹ̀ ẹran. Mùtúrù, màlúù kúkúrú tí kò ní iké, jogún agbára láti gbé àìsàn náà mọ́ra. Àwọn ẹṣin ńlá tó ń tòkè ọya wá kò jogún rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀yọ́ Ilé fi ń ra ẹṣin láti òkè, tí ẹṣin kì í sì í pẹ́ nínú igbó. Òṣogbo yìí kan náà ni ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní 1840. Ìwé ìtàn ń ka orúkọ àwọn balógun fún wa; kò séyìí tí mo kà nínú wọn tó ka eṣinṣin sí. Èmi ì bá kà á sí.

Mo ti wà ní gáréèjì nígbà tí Ìyá Tóbi pè. Ó fẹ́ kó gbogbo SS2 lọ sí Sábó lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n kọ àwọ̀ ẹṣin kọ̀ọ̀kan àti ti àwọn òbí rẹ̀ sílẹ̀. Mọ́là ti gbà, ṣùgbọ́n àpò eèrí méjì ló ní kí wọ́n mú wá, ó sì ní ọmọkọ́mọ ò gbọdọ̀ dúró sẹ́yìn funfun yẹn torí ó máa ń tapá. Ìyá Tóbi ti ná an dé àpò kan ààbọ̀.