Ibo lẹ máa ń páàkì sí lálẹ́?

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti wà l'Óṣogbo báyìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń bi mí. Màmí mi ló kọ́kọ́ bèèrè, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbé báàgì kalẹ̀, ó wá kan àwọn ìyá aláṣọ tí wọ́n jọ ń tajà lọ́jà Ọba, ó kan ọlọ́kadà tó gbé mi láti Ọláìyá lọ sí Òkè-Fìà, ìyẹn tiẹ̀ ń wẹ̀yìn wò mí lórí eré, mo ní jọ̀ọ́ kọjú síwájú. "Bọ̀ọ̀dá, tílẹ̀ bá ti ṣú lórí òkun yẹn, ibo lẹ máa ń páàkì sí?"

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn síbí kí n lè sinmi. A ò páàkì. Ọkọ̀ onígbòkun la fi sọdá òkun Àtìláńtíìkì, láti Las Palmas dé Barbados, erékùṣù kan ní Kàríbíánì, ọjọ́ 22 gbáko, tọ̀sán tòru ni ọkọ̀ yẹn ń lọ, torí ọ̀pọ̀ ibi nínú òkun yẹn ló jìn ju 4,000 mítà lọ sísàlẹ̀, ṣéènì ìdákọ̀ró tiwa ò sì ju 60 mítà, kí lẹ fẹ́ fi so ó mọ́lẹ̀?

Bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ò gùn. Wẹ́dà ni mí, Òṣogbo níbí ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọ̀nà wá jìn títí mo fi bá ara mi ní Las Palmas, ìlú kan ní erékùṣù àwọn ará Spéènì, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Bàbá Jámánì kan gbé ọkọ̀ onígbòkun wọn wá pé kí n bá àwọn jó irin kan tó là, ibi tá a ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ní ẹni tó yẹ kó bá àwọn lọ sí Barbados ti yẹ àdéhùn, ṣé mo lè wá. Ẹnu mi ti sọ bẹ́ẹ̀ ni kí ọpọlọ mi tó débẹ̀. Barbados ò sì béèrè físà lọ́wọ́ àwa ọmọ Nàìjíríà, ká ní wọ́n ń béèrè ni, ǹ bá ti rí nǹkan fi ṣe àwáwí. Mítà 11 ni ọkọ̀ ọ̀hún, kò tó tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì ní gígùn, àwa mẹ́rin la sì kó sínú ẹ̀: bàbá, ìyàwó wọn, ọmọkùnrin Pọtogí kan, àti èmi tí mi ò mọ̀ ju odò Ọ̀ṣun lọ.

Òkun yẹn ní wọ́n-wéè o, mi ò ṣàwàdà. Àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ẹ̀ ti ń wá, ẹ̀yìn ló ti ń ti èèyàn lọ sí Kàríbíánì, òun ló gbé Columbus lọ́dún 1492, òun làwọn ọkọ̀ tó kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú fi rìn náà. Èèyàn á dúró kí Nọ́fẹ́ńbà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó gbéra, torí láti Júùnù títí dé ìparí Nọ́fẹ́ńbà ni àsìkò ìjì ńlá lọ́hùn-ún. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ padà, ẹ ò lè kọjú sí afẹ́fẹ́ yẹn, àfi kẹ́ ẹ gòkè lọ sápá àríwá lọ wá òmíì tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Eré ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀sán kan òru kan, bíi 220 kìlómítà, ká sọ pé Òṣogbo sí Èkó. Kẹ̀kẹ́ ológeere máa yà wá sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà mo di okùn mú, mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi, eruku pupa! Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ni, ọyẹ́ tá a ń nù lórí tábìlì nílé níbí ní Dìsẹ́ńbà ló tẹ̀ lé mi dé àárín òkun, ètè mi tiẹ̀ ti ń bó.

Torí pé a ò lè dúró ni ìṣọ́ fi wà. Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ni, aago méjìlá òru sí mẹ́ta ni tèmi. Wàá fi okùn de àyà ẹ mọ́ ara ọkọ̀, torí tó o bá já sómi nígbà tí àwọn yòókù ń sùn, ó parí nìyẹn. Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wàá dìde wo yíká bóyá iná ń bọ̀, torí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó o rí fírí lókèèrè lè ti dé ọ̀dọ̀ ẹ láàárín ogún ìṣẹ́jú, kò sì rí ẹ. Iṣẹ́ mégáàdì ni ṣá, mégáàdì tí ilé tó ń ṣọ́ ń rìn. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, mò ń ṣọ́, mò ń bì. Ìgbà tára mi wá balẹ̀, lóru ọjọ́ kan, mo na ọwọ́ sí tọ́ọ̀ṣì, nǹkan tútù kan já pàá sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo kígbe, gbogbo ọkọ̀ jí. Ẹja ni, irú ẹja tó ń fò yẹn. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn pé nílùú tiwa, ẹni tó bá tẹ́wọ́ gbẹja, Àtáọ́ja ni wọ́n ń pè é, pé kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó bàbá ní kí n lọ wẹ̀.

Òru mánàmáná tiẹ̀ tún wà. Ó ń kọ yànràn lápá ọ̀tún, lápá òsì, òpó ọkọ̀ wa nìkan ló sì ga lójú omi yẹn, bàbá bá ní ká kó gbogbo fóònù àti GPS kékeré sínú ófùn. Mo rò pé ẹ̀rù ti yí wọn lórí ni, àṣé torí pé irin ló yí i ká ni, iná ò ní lè wọlé bá nǹkan tó wà nínú ẹ̀. Wẹ́dà lèmi, ó yẹ kí n ti mọ̀. Ọba Kòso ò sì yà sọ́dọ̀ wa.

Ohun tó fẹ́ bà wá jẹ́ gan-an kọ́ nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Pọtogí pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó jáde wá gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ìyàwó bàbá, ó tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, obìnrin yẹn ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, nínú ọkọ̀ tó jẹ́ pé tẹ́nì kan bá yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹni kejì máa mọ̀! Èmi ni wọ́n sọ di pósítù, "sọ fún un pé kó fún mi ní ṣúgà." Gààrí ló parí ìjà. Àpò kan ni mo rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Gánà kí n tó kúrò, wọ́n ti ń fojú burúkú wò ó látilẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí òkun ń gbé ọkọ̀ sókè-sódò tí ìkòkò ò lè dúró lórí sítóòfù, mo rẹ gààrí mi, mo da ẹ̀pà sí i, àwọn mẹ́ta ń wò mí. Wọ́n wá jókòó, síbí méjì ló wà nítòsí, ó di dandan kí wọ́n jọ lo ọ̀kan.

Ní Barbados, ẹja tó ń fò yẹn gan-an ni wọ́n ń jẹ. Ìyá kan tó ń tà á, ojú ẹ̀ jọ ti àǹtí mi débi pé ara mi ti ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ẹyọ kan ṣe èènì fún mi. Oṣù tá a lò níbẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Nínú oṣù Karùn-ún la padà, a ò yà síbì kankan, ọjọ́ 25 dé Horta, ní Azores, àwọn erékùṣù Pọtogí láàárín òkun. Lọ́jọ́ kọkànlá, irin ẹ̀rọ tó ń bá wa darí ọkọ̀ ṣẹ́. Kì í ṣe ibi tí mo jó o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni. Kò sí iná tí mo lè fi jó nǹkan níbẹ̀, ọwọ́ la fi darí ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá tó kù, òtútù ń mú wa, wákàtí kan kan là ń pín in ká tó lọ ṣubú lulẹ̀ bí ẹrù. Téèsì tá a ń fi sátẹ́láìtì gbà, àbúrò mi ló ń tẹ̀ ẹ́ fún Màmí, ọjọ́ yẹn ó ní: "Màmí ní ṣé ẹ ò tíì rí ibi dúró ni?" Mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ní Horta, gbogbo ọkọ̀ tó bá dé ló máa ń ya nǹkan sára ògiri èbúté, wọ́n ní àìṣe é ò dáa. Ọwọ́ tó tẹ́ àti ẹja kan ni mo yà, mo kọ Òṣogbo Òròkí sábẹ́ ẹ̀.

Lánàá, aago méjìlá òru, ojú mi là fúnra ẹ̀. Kò síná, mo jáde sí fàràǹdá, mo ń wo yíká bí ọ̀dẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ló ń dún. Màmí fi tọ́ọ̀ṣì jáde, wọ́n ní kí ni mò ń wò, mo ní ìṣọ́ mi ni. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n fa àpótí kan, wọ́n jókòó, wọ́n gbé tẹ̀sùbáà wọn sítan, wọ́n ní kí n wọlé lọ sùn, àwọn á bá mi ṣọ́ ọ dé aago mẹ́ta.