Sátidé Tí Kìnnìún Kú

Àná ni Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde. Àwọn ọmọ àbúrò mi ti wà lọ́dọ̀ wa ní Ẹ̀búté Mẹ́tà láti Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì ti da ilé rú. Kí wọ́n lè jókòó jẹ́ẹ́, mo ki fláàṣì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n: fíìmù Narnia àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 2005.

Màmá ń gba pálọ̀ kọjá ni wọ́n rí obìnrin funfun báláú kan lórí yìnyín.

"Àjẹ́! Lónìí tí Jésù ṣì wà nínú ibojì?"

Mo ní, "Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà ka Ògbójú Ọdẹ nílé ìwé. Iwin inú rẹ̀ kò kéré o, bẹ́ẹ̀ CMS ló tẹ̀ ẹ́ ní 1938."

"Fágúnwà kì í gbàgbé Ọlọ́run." Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. Etí àga ni o, bí ẹni tí kò ní pẹ́ dìde.

Nínú ìwé C. S. Lewis tó jáde ní 1950, èyí tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, kìnnìún kan ló kú, ṣùgbọ́n kò síbi tó ti pè é ní Jésù. Aslan ló pè é, bí àwọn ará Tọ́kì ṣe ń pe kìnnìún. Ẹni tó kú fún, ọmọkùnrin kan tó ta àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni, nítorí súìtì àti ìlérí oyè. Súìtì lásán! Tolkien tó kọ The Lord of the Rings wà lára àwọn ọ̀rẹ́ tó bá Lewis sọ̀rọ̀ títí tó fi gba Kristi ní 1931, síbẹ̀ kò fẹ́ràn ìtàn Narnia. Onígbàgbọ́ lòun náà, ọmọ ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n nínú ìtàn tirẹ̀, ìgbàgbọ́ farasin gan-an. Èmi ò gbè é lẹ́yìn. Ohun tí mo ní sí fíìmù yìí ò ju ogun rẹ̀ lọ: wọ́n fa ohun tí ìwé fi ojú ewé díẹ̀ sọ gùn jù.

Nígbà tí wọ́n ń fá irun ọrùn kìnnìún, Màmá ti sún síwájú. "Wọ́n ń fá a, kò sọ nǹkan kan. Aísáyà 53 nìyẹn." Ó ṣe díẹ̀, wọ́n tún ní, "Nínú Ìfihàn, Kìnnìún ni wọ́n ní kí Jòhánù wá wò. Ìgbà tó máa wò ó, Ọ̀dọ́-àgùntàn ló rí."

Mi ò so méjèèjì pọ̀ rí.

Bí ọ̀bẹ ṣe sọ̀kalẹ̀, iná lọ. Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà bú sẹ́kún: "Ṣé ó ti kú pátápátá?" Mo fẹ́ dá a lóhùn, Màmá gbá mi lórúnkún nínú òkùnkùn.

"Má sọ fún un. Ta ló sọ fún Pétérù?"

Aago kan òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tẹ́nì kan ń gbọ̀n mí léjìká. Màmá ni, wọ́n ró aṣọ mọ́ àyà.

"Dìde, iná ti dé. Wá bá mi tẹ kiní yìí, káwọn ọmọ tó jí."