Ìyáàlù ní Winnipeg

Ẹni tó bá ti gbé Winnipeg ní Kánádà rí mọ̀ pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí a mọ̀ nílé. Ní oṣù kìn-ín-ní, -25 lórí òṣùwọ̀n Celsius lóru kì í ṣe ìròyìn. Bí afẹ́fẹ́ bá wá ń fẹ́, tí ara ń gbà á bíi -40, awọ ojú tí a kò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára: aṣọ lé aṣọ, ìbọ̀wọ́, wáyà tí a ń fà láti imú mọ́tò lọ sí ojú iná kí iná lè mú ẹ́ńjìnnì gbóná, kó lè gbà láti jí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí bàbá onílù kan ti Ọ̀yọ́ wá, tó fẹ́ bá ẹgbẹ́ olórin kan ṣeré, tó sì wọ̀ sí ilé wa, ni mo tó rí i dáadáa bí ìgbé ayé ibi méjèèjì ṣe jìnnà síra.

Ní Ọ̀yọ́, ọ̀rinrin ló ń yọ onílù lẹ́nu. Lásìkò òjò, awọ ewúrẹ́ tó wà lójú dùndún a dẹ̀, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀, onílù a sì sá a sóòrùn tàbí kó yá a níná kó tó jáde. Ní Winnipeg, òdìkejì ló rí. Afẹ́fẹ́ tó tutù tó yẹn kò lè gba omi púpọ̀ dúró. Bó bá wọlé tí hítà sì mú un gbóná, gbígbẹ ló kù níbẹ̀. Ètè ń là, imú ń gbẹ, pákó pàápàá ń sán.

Bàbá kò tú àpò ìlù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó dé. Ohun tó tutù tó bá ṣàdédé pàdé ooru máa ń làágùn, ó sì lè ba awọ jẹ́. Onígìtá ẹgbẹ́ náà ń ṣe bákan náà: ó ń fi gìtá sílẹ̀ nínú àpótí rẹ̀ títí yóò fi bá yàrá mu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, ó fi kọ̀ǹgọ́ kàn án. Ohùn rẹ̀ ga fíofío. Ó fún ọṣán, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí ohùn náà tún lè gùn lọ. Ó dẹ ọwọ́, kò sọ̀ kalẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ti lọ, bẹ́ẹ̀ ìlù tí kò ní ohùn ìsàlẹ̀ kò lè ki ẹnikẹ́ni ní oríkì kí ó yéni.

"Ọyẹ́ yín mà le o," ló wí, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A gbé ẹ̀rọ tó ń tú ìkùukùu omi jáde, èyí tí a ń lò fún àwọn ọmọ, sí yàrá rẹ̀. Ó fi aṣọ tó rin díẹ̀ bo ojú ìlù, ó ń ṣí i wò, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Kó tó di ọjọ́ kejì, ìlù ti ń sọ̀rọ̀.

Òde tó dá páropáro ló dùn ún jù. Nílé, onílù lè jí kó máa ki àwọn èèyàn láti agbolé dé agbolé. Níbí, ó dúró lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo làwọn èèyàn wà?" Mo ní, "Bàbá, wọ́n wà nínú ilé, nínú mọ́tò, àti nínú àwọn ọ̀nà onígíláàsì tí wọ́n fi so àwọn ilé ńlá àárín ìlú pọ̀." Ní oṣù kejìlá, oòrùn kì í yọ títí aago mẹ́jọ á fi kọjá, kò sì ní dúró di aago márùn-ún. Lójú tèmi, òde tí òtútù gbà lọ́wọ́ ẹni burú ju ìrora rẹ̀ lọ.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, àwọn ará ìlú náà kò sùn. Ní oṣù kejì, wọ́n ń ṣe Festival du Voyageur, ayẹyẹ ìgbà òtútù, ní Saint Boniface, àdúgbò kan ní Winnipeg, láàárín yìnyín, àwọn èèyàn sì ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí odò tó dì. Iná kò sì ṣẹ́jú nígbà tí Bàbá ń ṣeré. Kò sẹ́ni tó ń pariwo jẹnẹrétọ̀.

Ti owó nínáni náà yàtọ̀. Kánádà ti sọ dọ́là kan di owó onírin láti ọdún 1987, dọ́là márùn-ún sì ni owó bébà tó kéré jù. Nítorí náà, dọ́là kan-kan ti Amẹ́ríkà làwọn èèyàn wa ń wá kí wọ́n tó lọ sóde, òun ni wọ́n sì lẹ̀ mọ́ Bàbá níwájú orí.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé bó bá tún ń bọ̀, kó jẹ́ oṣù kẹjọ, lásìkò Folklorama, ayẹyẹ àṣà oríṣiríṣi ẹ̀yà, nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Ó ní òun á kó gúdúgúdú àti omele wá pẹ̀lú.