Ta ló kú?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni òní, àkàrà àti ògì ni a sì jẹ láàárọ̀. Mo bu àkàrà Àbúrò sí méjì kí ó lè tètè tutù, nítorí pé inú epo ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jáde, ni ọmọ ọdún mẹ́rin bá figbe ta, ó na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀, ó ní àfi kí n lẹ̀ ẹ́ padà. Mo fún un ní odidi mìíràn, ó tì í dànù. Èyí tí mo bù yẹn gan-an ni ó ń fẹ́, ó sì fẹ́ kí ó jẹ́ odidi. Mo sáré padà sí ìdí iná kí èyí tí ó wà nínú epo má baà jóná, ibẹ̀ ni mo sì wà tí mo fi gbọ́ ohùn kan láti pálọ̀: "Gbẹ́nu dákẹ́ jàre! Ta ló kú?"

Ẹ̀gbọ́n ni ó sọ ọ́. Kò pariwo, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó kàn sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, bí ìbéèrè tí ọmọ kò gbọdọ̀ dáhùn.

Àbúrò sì dákẹ́. Mo yọjú wò ó. Ó ti di ètè rẹ̀ pọ̀ pinpin, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹkún náà ń ti inú bọ̀, ó sì ń gbé e mì bí ẹni tí wọ́n fún ní àgbo kíkorò. Kò sí ohun tí ó rọlẹ̀ nínú rẹ̀. Ariwo nìkan ni ó dúró.

Ta ló kú. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà òjò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi dá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú ṣíbí gbígbóná lọ́wọ́. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí láti ìgbà tí wọ́n ti mọ igbe í ké, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ó ní ìtumọ̀. Gbogbo àdúgbò ni ó ń sọ ọ́. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ikú nìkan ni ó tó ohun tí à ń sunkún fún, ohun yòówù tí kò bá sì ti tó ikú, kí ọmọ gbé e mì. Nígbà tí ikú wá mú Màmá, ìyá mi, lọ ńkọ́? Èmi yìí kan náà ni mo tún ń sọ fún wọn pé ó tó báyìí, pé Màmá kò ní fẹ́ kí wọ́n máa sunkún. Ìgbà wo wá ni wọ́n fẹ́ sun ún...

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìyá mi ni mo ń dá lẹ́bi. Òun ni ó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yẹn, òótọ́ ni, ojú tí ó sì fi ń bi mí kò gba àwíjàre. Ṣùgbọ́n ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni yóò jẹ́ bí mo bá dá ìtàn náà dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti jágbe mọ́ mi tán, á bẹ̀rẹ̀, á ní "Ó yá, wá," á pọ̀n mí, á rọra máa gbá mi ní ìdí, á sì padà sí ìdí ọlọ tí ó ti ń lọ ata, tí èmi á máa gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún láti inú ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú àyà mi. Kò bi mí ní ohun tí ó ń ṣe mí. Ẹ̀yìn náà ti gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni ìyá mi ní, ọ̀tún nìkan ni mo jogún. Bóyá àsọdùn ni èyí náà. Mo ní òsì, ṣùgbọ́n ó ti máa ń rẹ̀ mí kí ó tó kàn án.

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yìí kí èmi tó mọ̀ ọ́n. A lè pa ọmọ lẹ́nu mọ́, a sì lè rẹ ọmọ lẹ́kún, ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò sì ní pè wọ́n ní ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe pín gbogbo ohun tí ó ń ṣe wá yí ara ká: inú ń bí mi, inú mi bàjẹ́, àyà mi ń já, ojú ń tì mí, ọkàn mi kò balẹ̀, ó ká mi lára. Ọmọ mi mọ orúkọ imú, orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ ní èdè méjì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, tí mo bi í bóyá inú ń bí i ni tàbí inú rẹ̀ bàjẹ́, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Inú ń run mí." Mo fẹ́ tún un ṣe, mo sì fà sẹ́yìn, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Gbogbo ẹkún tí ó gbé mì yẹn, ibo ni ó gbà lọ bí kò ṣe ikùn?

Nọ́ọ̀sì kan ti ṣàlàyé fún wa rí ní ìpàdé àwọn ìyá pé apá iwájú ọpọlọ, èyí tí ó ń fa ìjánu ìbínú ẹni, kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi kọjá ọdún 20 dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì ní ìjánu tirẹ̀, ti àgbàlagbà tí ó wà nítòsí ni ó ń yá lò. Mo gbà á gbọ́, mo sì ń rò ó ní gbogbo ìgbà tí ilé bá parọ́rọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ńkọ́, tí ọkọ̀ ilé-ìwé ń fọn fèrè, tí bàtà ẹsẹ̀ kan kò sí, tí ẹnì kan sì dùbúlẹ̀ nítorí pé ìbọ̀sẹ̀ ń yún un? Ìjánu wo ni ó fẹ́ yá lọ́wọ́ mi nígbà náà?

Iná lọ láti aago mẹ́wàá, a fọ aṣọ, a lọ kí ìyá ọlọ́mọ tuntun ní ilé kejì.

Mo pe àǹtí wọn ní Cardiff lọ́sàn-án, mo sì sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ náà fún un. Láti oṣù Kẹta ọdún 2022 ni òfin Wales kò ti gba òbí láàyè mọ́ láti na ọmọ. Ó ní òun kò gbé ọwọ́ sókè sí àwọn tirẹ̀ láti ìgbà náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ iye ìgbà tí mo ń bi wọ́n pé ta ló kú. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, ó máa ń há mi lọ́fun, síbẹ̀ mo ṣì ń sọ ọ́." A jọ dákẹ́ sórí fóònù títí owó ìpè fi tán.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ìwẹ̀ ni ó dá ìjà sílẹ̀. Mo lóṣòó kí ojú mi lè bá ojú Àbúrò dọ́gba, mo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí àwo, mo ní ògì gbígbóná ni ó wà níbẹ̀, kí ó bá mi fẹ́ ẹ. Ó ta á dànù. Mo tún bu òmíràn. Ó fẹ́ ẹ pẹ̀lú ìbínú, itọ́ fọ́n sí mi lójú, ó tún fẹ́ ẹ, nígbà tí yóò fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, èémí náà ti ń gùn sí i, nítorí pé bí a bá ṣe ń mí síta pẹ́ tó ni àyà tí ó ń lù kìkì ṣe máa ń rọ̀. Kò yá o. Omi ìwẹ̀ ti tutù kí a tó parí. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé àwo ọwọ́ mi sókè, tí ó ní, "Ó ti tutù, ẹ mu ún." Mo mu ún. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ wá sọ fún yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìgbà tí mo gbé ojú sókè ni mo rí Ẹ̀gbọ́n tí ó fara ti ilẹ̀kùn, tí ó ń wò wá.

Ọmọ yẹn kò sunkún níbi ìsìnkú. Gbogbo àlejò ni ó yìn ín, wọ́n ní ọmọ gidi ni, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ó ń gbé omi kiri fún àwọn àgbà. Èmi náà yìn ín. Mo kọ ọ́ síbí yìí pẹ̀lú ìdùnnú, ẹ lè padà lọ kà á. Mo rò pé ara rẹ̀ ni ó balẹ̀. Ohun tí mo rí lójú Àbúrò láàárọ̀ òní, ètè dídì yẹn, mo ti rí i lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì pè é ní ìwà rere.

Mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti sùn. Mo ní, "Láàárọ̀, o bi àbúrò rẹ pé ta ló kú." Ó ní kí n má bínú. Mo ní n kò bínú. Ó pẹ́ kí ó tó tún sọ̀rọ̀, ó sì kọ ojú sí ògiri sọ ọ́. Ó ní, "Màmá àgbà ni." N kò mọ ohun tí mo lè sọ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá mo lè pọn òun.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Aṣọ Màmá tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mo fi so ó, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ká wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu mí lórúnkún bí mo ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú òkùnkùn. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà kò bi í. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ti sùn, ẹ̀yìn aṣọ mi sì tutù níbi tí ojú rẹ̀ wà. Ó lè jẹ́ òógùn, nítorí pé wọn kò tíì mú iná dé.