Ẹ jẹ́ kó rọra gbẹ

Àbúrò mi pè mí lórí fídíò láàárọ̀ yìí láti Grenoble, ní Faransé. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà, Màmá ń yan gààrí.

Kírísítà purotéènì rẹ̀ (purotéènì tí àwọn mólékù rẹ̀ tò jọ létòlétò) mọ́ gara, àmọ́ nígbà tí wọ́n tan ẹ́síréè sí i, àmì tín-ń-tín mélòó kan ló jáde láàárín fọ́tò. Etí fọ́tò náà ṣófo pátápátá, bẹ́ẹ̀ àmì tó bá dé etí ló ń jẹ́ ká rí bí purotéènì náà ṣe rí kedere. Omi ló fà á. Nǹkan bí ìdajì irú kírísítà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ omi, àwọn mólékù inú rẹ̀ kì í sì í fún pọ̀. Ló bá ń fi PEG (kẹ́míkà kan tó máa ń fa omi) kún omi tó yí i ká, díẹ̀díẹ̀, kí ti inú lè máa fà jáde. Tó bá yára jù, kírísítà á sán.

Màmá dá sí i: “Rọra o! Gààrí tí iná bá pọ̀ jù fún á jóná.”

Àbúrò mi fi fọ́tò tuntun hàn wá. Àmì dúdú kún un dé etí! Mo pariwo. (Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo kírísítà o.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ṣé tiyín náà ti gbẹ sàn rí, àbí ó fọ́ ni?